Ojú Ìwé Kẹtàlélọ́gbọ̀n

Èmi, Rọ̀kíbátù Àbẹ̀kẹ́ Adébọ̀dé, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tí mo ń gbé ní Ladi-Lak ní Bàrígà, tí mo sì ti ń tẹ̀wé ní Ṣómólú láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mo ti lò láyé. Kíndìnrín mi ló ń ṣàárẹ̀, kì í ṣe orí mi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá làákàyè mi pé, kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ Dọlápọ̀, ọmọ Akọ́kà tí ó ń bá wa kọ ètò kọ̀ǹpútà, tí mo rí àṣìṣe mẹ́rin nínú iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá láti orí ibùsùn. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi, ẹnikẹ́ni kò sì tàn mí. Ìwé yìí ni kí ẹ tẹ̀ lé. Èyí tí mo ti kọ ṣáájú rẹ̀, ẹ fà á ya.

ÌKÍNÍ: Àwọn alábòójútó àti àwọn ẹlẹ́rìí

Mo yan Fuad, ọmọ mi ọkùnrin, àti Agbẹjọ́rò Oyèbísí, láti bójú tó ogún mi. Ẹ̀yin méjèèjì ni mò ń bá sọ̀rọ̀ jù nínú ìwé yìí. Ibi tí mo bá ti yà bá Faridah ọmọ mi obìnrin sọ̀rọ̀, kí ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ kà á.

Oyèbísí ti là á yé mi pé ẹni tó bá fọwọ́ sí ìhágún gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí kò lè jogún nǹkan kan nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ kọ nǹkan sílẹ̀ fún un, bírò tó fi fọwọ́ sí i ló fi gbé e sọnù. Nítorí náà ni mo ṣe yan Sabina, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní yàrá òdìkejì mi, àti Adéjìmí tó ti ń bá wa yí ẹ̀rọ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì pé. Mi ò fún wọn ní nǹkan kan. Kí wọ́n má bínú. Ẹni tí mo bá fọkàn tán ni mo máa ń fún níṣẹ́ tí kò lérè.

ÌKEJÌ: Ilé

Ilé tí ọkọ mi, olóògbé Saheed, kọ́ sí Pedro, kí ẹ pín in fún Fuad àti Faridah bí ẹ̀sìn wa ti là á kalẹ̀, láìfi kún un, láìyọ kúrò nínú rẹ̀. Ayálégbé tó wà níwájú, ẹ má lé e títí ọmọ rẹ̀ yóò fi parí ìdánwò. Àwọn irinṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀bù tí mo dárúkọ nísàlẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí mo ní, èyí tí ẹ̀sìn gbà mí láyè láti fi ta ènìyàn lọ́rẹ, Fuad sì ti fọwọ́ sí ìwé ọ̀tọ̀ pé òun kò ní í bínú sí ẹni tí mo bá fún.

Saheed, Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n la fi jọ gbé, kò sì bi mí léèrè rí nípa ẹni tí mo kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́. Ó mọ̀. Lọ́jọ́ tí èmi àti Ikúmápàyí, ẹni náà gan-an, tí a jọ ń tẹ̀wé, bá pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, oúnjẹ ẹni méjì ni Saheed máa ń gbé wá, á jókòó sórí páálí ìwé títí a ó fi jẹ ẹ́ tán, á sì kó abọ́ lọ. Nígbẹ̀yìn, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ti rò pé mo lè fẹ́ràn ènìyàn lọ. Mi ò sọ ọ́ fún un tó.

ÌKẸTA: Ológbò

Ológbò ṣọ́ọ̀bù ń jẹ́ Máájìnì, nítorí pé etí ìwé ló máa ń sùn sí, níbi àyè funfun tí a kì í tẹ nǹkan sí. Òun ló ń gbà wá lọ́wọ́ eku. Sabina ti ń wò ó lójú kan, Adéjìmí náà sì fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n òfin ti di àwọn méjèèjì lọ́wọ́. Kí ẹ wá ẹni tó ní eku nílé, tí kò sì ní ajá, kí ẹ fún un.

ÌKẸRIN: Àtòpọ̀ àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀

Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ wa rí lè má mọ̀ pé ojú ìwé kìíní àti ìkejì kì í wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí abala ńlá tí ẹ̀rọ ń tẹ̀. Ìkíní lè bá ìkẹrìnlélọ́gọ́ta jókòó. Ìgbà tí a bá ká abala náà, tí a sì gé etí rẹ̀, ni ohun gbogbo máa tò tẹ̀ léra. Àtòpọ̀ ni ètò kọ̀ǹpútà tó ń bá atẹ̀wé ṣe ìṣirò yìí.

Èmi àti Esíkíẹ́lì Ikúmápàyí la kọ ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ọdún 2004, a sì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹnikẹ́ni lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó wo inú rẹ̀, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fi àtúnṣe rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Lónìí, ó ti lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ìlà. Àwọn atẹ̀wé ń lò ó láti Ṣómólú dé Ìbàdàn, dé Kútọnu, dé àwọn ìlú tí mi ò lè pe orúkọ wọn dáadáa. Ohun tó jẹ́ ti gbogbo ayé kò ṣeé fi sínú ogún. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ mi, ìyẹn àṣẹ láti gba àyípadà wọlé tàbí láti dá a padà. Kọ́kọ́rọ́ yìí ni mo fi lé Faridah lọ́wọ́, lórí àdéhùn tó wà nínú ìpín kẹjọ.

Ó yẹ kí ẹ mọ ẹni tí Ikúmápàyí jẹ́. Ìlàjẹ ni, etí ọ̀sà ní Bàrígà ni wọ́n bí i sí, ìyá rẹ̀ Beatrice sì ń yan ẹja níbẹ̀. Ní ọdún 1983 ló wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá mi. Nígbà tó di ọdún kẹta, ó ní òun fẹ́ fi mí ṣe aya, èmi náà sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi kò gbà. Ìyá Beatrice náà kò gbà. Wọ́n ní ọmọ àwọn kò ní í fẹ́ ẹni tí kò lè bá àwọn dé ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ya ikùn ẹja. Wọ́n sọ ọ́ lójú mi, wọ́n sì bu ẹja yíyan fún mi lọ sílé. Mo jẹ ẹja náà tán kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

A gbọ́ràn sí àwọn òbí wa lẹ́nu. A sì jọ ń bá iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní í purọ́ nínú ìwé yìí: inú bí mi sí Ìyá Beatrice fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì sọ ọ́ létí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ fi èyí sọ́kàn. A ó tún padà sórí rẹ̀.

ÌKARÙN-ÚN: Tábìlì oníná àti páálí mọ́kànlá

Tábìlì oníná tí mo jogún lọ́wọ́ bàbá mi, tí dígí rẹ̀ sán ní igun kan, tó sì ti wà nínú yàrá mi láti ìgbà tí mi ò ti lè dé ṣọ́ọ̀bù mọ́, Faridah àti Dọlápọ̀ ni mo fún. Àwọn náà ni mo fún ní páálí mọ́kànlá tó kún fún abala tí a ti tẹ̀ láti ọdún 2004. Kí ẹnikẹ́ni má kó wọn lọ fún àwọn tó ń fi ìwé àlòkù di ẹ̀pà.

Òfin bàbá mi nìyí. Bí a bá yí ohunkóhun padà nínú iṣẹ́, a ó tẹ́ abala àtijọ́ sórí dígí, a ó tẹ́ tuntun lé e, a ó tan iná nísàlẹ̀. Ibi tí wọn kò bá ti bára mu á hàn. Kì í ṣe ẹni tó ṣe iṣẹ́ ló ń wò ó. Ẹnì kejì ni. Ẹnì kejì náà á fi bírò kọ ọ́ sí igun abala pé, Mo wò ó sí iná, ó bára mu, á sì fọwọ́ sí i. Láìsí ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ yí. Bàbá mi lé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kúrò ní ṣọ́ọ̀bù fún oṣù kan gbáko nítorí pé ó fọwọ́ sí iṣẹ́ ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé ìkéde ìsọmọlórúkọ lásán ni.

Faridah àti Dọlápọ̀ ní inú Àtòpọ̀ ti dàrú, pé àtúntò ńlá ló kù. Òótọ́ ni. Ogún ọdún ni ọwọ́ oríṣiríṣi ti fi ń wọ inú rẹ̀. Mi ò ní kí ẹ má tún un tò. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ má tú ilé palẹ̀ nígbà tí ènìyàn ń sùn nínú rẹ̀. Yàrá kan lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń tún un tò, ẹ má fi iṣẹ́ tuntun kún un; lọ́jọ́ tí ẹ bá ń fi iṣẹ́ tuntun kún un, ẹ má tún un tò. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ibì kan, ẹ kó ìwé àtijọ́ jáde láti inú páálí. Ẹ jẹ́ kí Àtòpọ̀ ti àná tò ó, kí ti òní náà tò ó, kí ẹ wá gbé ọ̀kan lé èkejì. Kọ̀ǹpútà lè bá yín wò ó báyìí kí ẹ tó mu omi tán. Ẹ jẹ́ kó wo páálí mọ́kọ̀ọ̀kànlá, kì í ṣe àwọn ìwé pẹlẹbẹ tó wà lókè nìkan.

Àti pé, orúkọ tí àwọn ará Kútọnu fi ń pe iṣẹ́ kan nínú ètò yìí, ẹ má pa á rẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá fún iṣẹ́ náà lórúkọ tuntun. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ méjèèjì fún ọdún kan, kí ẹ sì kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé, kí ẹnikẹ́ni má jí lówùúrọ̀ kó rí i pé ilẹ̀kùn òun ti di ògiri. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo mọ̀ pé Dọlápọ̀ máa ń mí kanlẹ̀ tí mo bá ti ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ó ti di dandan kó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

ÌKẸFÀ: Nọ́ńbà tí kò ní àlàyé

Nínú fáìlì tó ń bójú tó kíká ìwé, nísàlẹ̀ pátápátá, nọ́ńbà kékeré kan wà tí kò sí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún yìí, Dọlápọ̀ fẹ́ yọ ọ́. Ó ní òun yọ ọ́ wò, gbogbo ìdánwò sì yege. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ó bi mí pé kí ló dé, mi ò dá a lóhùn.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Bí a bá ká abala púpọ̀ wọ inú ara wọn, tí a fi wáyà gún wọn láàárín, èyí tó wà nínú pátápátá máa ń yọ síta ju èyí tó wà lóde lọ. Ẹ mú ìwé mẹ́rìndínlógún, ẹ ká wọn pọ̀ báyìí, ẹ ó rí i. Nígbà tí ẹ̀rọ ìgéwé bá wá gé etí rẹ̀ kí ó lè gún, tinú ló máa gé jù. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ fún Àtòpọ̀ pé kí ó máa sún ọ̀rọ̀ inú wọlé díẹ̀díẹ̀ kí ọ̀bẹ má baà kàn án. Nínú ìwé pẹlẹbẹ, iṣẹ́ rẹ̀ kò hàn rárá. Nínú ìwé tó nípọn, láìsí i, ọ̀rọ̀ á gé.

Ikúmápàyí ló fi í síbẹ̀. Ó sọ ìdí rẹ̀ fún mi lẹ́nu, lọ́jọ́ kan tí a jókòó síta tí à ń jẹ gúgúrú. Fóònù mi ni mò ń wò.

ÌKEJE: Ìjẹ́wọ́

Ní ọdún 2013, ìjọ àwọn Ìlàjẹ tó wà létí ọ̀sà fẹ́ tẹ ìwé orúkọ, orúkọ gbogbo ẹni tó bá àwọn bàbá wọn tẹ ibẹ̀ dó àti ti àwọn ọmọ wọn, ìdílé lé ìdílé. Ojú ìwé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni, lórí ìwé tó nípọn kí ọ̀rinrin má baà tètè bà á jẹ́. Oṣù mẹ́rin ni Ikúmápàyí fi ń ti ilé dé ilé kó orúkọ jọ. Àwọn àgbà tó ṣì wà láàyè, ó fi wọ́n sí àárín gbùngbùn gẹ́gẹ́ bí ipò ọlá. Orúkọ ìyá rẹ̀ bọ́ sí ojú ìwé kẹtàlélọ́gbọ̀n, lọ́wọ́ ọ̀tún, létí.

Ní Ọjọ́rú tó ṣáájú àjọ̀dún ìjọ náà, Ikúmápàyí lọ sí etí ọ̀sà lọ mú orúkọ méjì tó kù fún abala ìgbẹ̀yìn. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ṣoṣo ni àwa méjèèjì ń lò ní ṣọ́ọ̀bù, bó ṣe fi orúkọ rẹ̀ ṣí i sílẹ̀ ni mo bá a. Lójú gbogbo ayé, òun ló jókòó síbẹ̀. Nígbà yẹn, kò sí ohun tó dùn mọ́ mi bíi kí n yọ ìlà kúrò nínú ètò, kí inú rẹ̀ mọ́. Mo rí nọ́ńbà tí kò ní àlàyé. Mo yọ ọ́, mo tún yọ ìlà mẹ́rìnlá tó rọ̀ mọ́ ọn. Ìdánwò yege, nítorí pé ìwé pẹlẹbẹ nìkan la fi ń dán an wò. Mo gbà á wọlé fúnra mi. Ètò náà kọ ọ́ sínú ìtàn rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo àyípadà tó bá wọ inú rẹ̀, pé Ikúmápàyí ló ṣe é. Mo rí i, mo ní n ó tún un ṣe lọ́la.

Wọ́n ti mú iná lọ láti òwúrọ̀. Epo tó wà nínú jẹnẹrétọ̀ kò ju èyí tí ẹ̀rọ máa fi parí iṣẹ́ lọ, tábìlì oníná sì dúró síbẹ̀ láìníná. Adéjìmí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó káwọ́ gbera. Ó ní, "Àǹtí, bọ̀ọ̀dá ò tíì wò ó o." Mo ní kó fún mi ní abala náà. Mo yíjú sí ògiri, mo kọ ọ́ sí igun rẹ̀ pé, Mo wò ó sí iná, ó bára mu, mo sì kọ E.I. sábẹ́ rẹ̀. Mo nà án padà sí i, kò sì wo orúkọ tó wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ yí.

Ẹgbẹ̀rún méjì ìwé ni. Lójú ìwé kẹtàlélọ́gbọ̀n, ọ̀bẹ gé lẹ́tà méjì méjì kúrò ní ìparí gbogbo orúkọ. Ìyá Beatrice kò kàwé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ orúkọ wọn bí wọ́n bá rí i, wọ́n sì mọ̀ pé lẹ́tà mẹ́jọ ni. Wọ́n fi ìka kà á níwájú ìjọ. Wọ́n ka mẹ́fà. Wọ́n tún un kà. Wọ́n wá gbójú sókè wo ọmọ wọn, wọ́n sì bi í ní èdè wọn bóyá wọ́n ti ń ka òun mọ́ òkú ni.

Àwọn àgbà ìjọ ní kí a sọ ẹni tó ṣe é. A wo ìtàn Àtòpọ̀: Ikúmápàyí. A wo igun abala: E.I. Gbogbo ojú yí sí i. Ó gba abala náà, ó wò ó pẹ́, ó sì wò mí. Ó mọ ibi tí òun wà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó sì ti mọ ìkọ̀wé mi láti ọgbọ̀n ọdún. Ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ó ní kí wọ́n dárí ji òun. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò la ẹnu mi.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé. Ẹ rántí ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Gbogbo etí ọ̀sà ló mọ̀ pé Ìyá Beatrice kọ̀ mí, wọ́n sì mọ̀ pé inú ń bí mi. Bí mo bá ní èmi ni, wọn ó ní mo mọ̀ọ́mọ̀ gé orúkọ wọn ni. Saheed á gbọ́. Ẹ̀yin ọmọ mi á gbọ́. Mo ní kí ariwo kọ́kọ́ rọlẹ̀. Nígbà tó rọlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti wúwo jù fún mi láti gbé. Mo dá nọ́ńbà náà padà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, mi ò sì kọ àlàyé sí i, nítorí pé àlàyé á bí ìbéèrè.

Ìjọ náà kò tún ìwé tẹ̀ mọ́. Ìyá Beatrice kú lọ́dún kejì. Ikúmápàyí fi Èkó sílẹ̀ lọ sí Ìgbókòdá, ó ń tún ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ṣe níbẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ dára.

Nígbà tí mo kọ̀ láti dá Dọlápọ̀ lóhùn, Faridah lọ wádìí fúnra rẹ̀. Ó tú ìtàn Àtòpọ̀ wò, ó tú páálí wò, ó rí abala náà. Ní oṣù kẹrin, ó kọ ìwé sí gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ètò yìí nípa àṣìṣe tí àtúntò kò gbọdọ̀ tún ṣe. Ó kọ ọ́ pé E. Ikúmápàyí yọ nọ́ńbà láìwádìí, ó sì fọwọ́ sí iṣẹ́ ara rẹ̀. Ó ní kí a yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn olùdásílẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí pé kó máa wádìí. Mo ka ìwé rẹ̀ tán, mo sì sunkún bí ọmọdé. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Tèmi kò tilẹ̀ pé ogún, méjìlá ni.

ÌKẸJỌ: Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe kí ẹ tó pín ohunkóhun

Faridah, má gbìyànjú láti pa ohun tó wà nínú ìtàn Àtòpọ̀ rẹ́. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Bí o bá pa tìrẹ rẹ́, tiwọn á máa ta kò ọ́. Ohun tí a ti kọ síbẹ̀ ti wà níbẹ̀. Tuntun la máa ń kọ tẹ̀ lé e. Kọ àyípadà tuntun kan. Fi àlàyé sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà yẹn. Kọ ọ́ gbangba pé Esíkíẹ́lì Ikúmápàyí ló fi í síbẹ̀, pé Rọ̀kíbátù Adébọ̀dé ló yọ ọ́ ní orúkọ Ikúmápàyí, tó sì fi orúkọ náà fọwọ́ sí i. Má bò mí mọ́lẹ̀ nítorí pé mo jẹ́ ìyá rẹ. Lára àwọn olùdásílẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ ṣáájú, kí tèmi tẹ̀ lé e.

Kò sí àyípadà kan tó gbọdọ̀ wọlé nínú àtúntò yìí láìjẹ́ pé ẹnì kejì ti wò ó sí iná. Bí Ikúmápàyí bá gbà, òun ni kó jẹ́ ẹnì kejì náà. Ìyẹn ni àdéhùn tó wà lórí kọ́kọ́rọ́.

Kí ẹ tẹ ìwé orúkọ náà, ẹgbẹ̀rún méjì, lórí ìwé tó nípọn bíi ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì gbé e lọ fún ìjọ létí ọ̀sà. Adéjìmí ti bá mi tẹ ojú ìwé kẹtàlélọ́gbọ̀n sílẹ̀. Ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi pẹ̀lú ti 2013.

Ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Ṣómólú, àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé inú rẹ̀, Ikúmápàyí ni mo fún. Kì í ṣe owó ìtánràn. Bí kò bá gbà á, kí ó di ti Faridah. Ẹ̀yin alábòójútó, ẹ má pín ohunkóhun, ìbáà ṣe ṣíbí, títí ẹ ó fi ka ìpín keje sí Ikúmápàyí létí.

ÀFIKÚN

Mo rò pé ìwé yìí ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún un kà, ojú tì mí pé òkú mi ni mo fẹ́ rán lọ tọrọ àforíjì. Mo ní kí Fuad pe Ikúmápàyí ní Ìgbókòdá. Òní tí a fẹ́ fọwọ́ sí ìwé ni ó dé, irun rẹ̀ ti funfun, àpò irinṣẹ́ sì wà léjìká rẹ̀. Mo fi ẹnu ara mi ka ìpín keje sí i létí, níwájú gbogbo wọn. Faridah kúnlẹ̀ kí n tó kà á dé ìdajì.

Ikúmápàyí sọ àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní kí n fún òun ní abala méjèèjì. Ó tẹ́ ti àtijọ́ sórí dígí, ó tẹ́ tuntun lé e, ó tan iná. Ó fi ìka ka orúkọ ìyá rẹ̀. Ó ka mẹ́jọ.

Lẹ́yìn náà ló wá ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ó ní nọ́ńbà kọ́ ló dun òun, igun abala náà kọ́ sì ni. Ó ní mo jẹ́ kí ìyá òun kú pẹ̀lú èrò pé òun kò kà wọ́n sí. Mo bẹ̀ ẹ́. Kò dá mi lóhùn lórí ìyẹn, mi ò sì ní í kọ ọ́ síhìn-ín pé ó dá mi lóhùn.

Ó wá bi Oyèbísí pé níbo ni ẹlẹ́rìí ti ń fọwọ́ sí i. Oyèbísí là á yé e pé bó bá fọwọ́ sí i, ṣọ́ọ̀bù àti ẹ̀rọ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó ní òun gbọ́, pé òun ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ní Ìgbókòdá. Ó ní ọdún méjìlá ni wọ́n ti ń ka ohun tí òun kò kọ. Òun fẹ́ fi ọwọ́ ara òun kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ní ti àtúntò, ó ní kí Dọlápọ̀ máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́, òun á máa wò ó.

Nítorí náà, Adéjìmí kì í ṣe ẹlẹ́rìí mọ́. Ẹ fún un ní Máájìnì.

Mo fọwọ́ sí i nínú yàrá mi ní Ladi-Lak, Bàrígà, lójú àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì, ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ, ọdún 2025.

Rọ̀kíbátù Àbẹ̀kẹ́ Adébọ̀dé

Ẹlẹ́rìí kìíní: Sabina Délé-Òjó, nọ́ọ̀sì, Ladi-Lak, Bàrígà.

Ẹlẹ́rìí kejì: Esíkíẹ́lì Ikúmápàyí, atẹ̀wé, Ìgbókòdá.
Mo wò ó sí iná. Ó bára mu. E.I.